Làmídì Ọmọ Owú àti Aṣọ Ìyá Yísà

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ má dúró lé mi lórí bí ẹni tó wá mú mi lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ fa àga yẹn sún mọ́ ògiri, kí ẹni tí kò bá rí àga jókòó sórí ẹní. Mo ti gbọ́ ohun tí ẹ bá wá. Ẹ ní kí n lọ sọ fún Làmídì pé kó má wá sí pápá mọ́, pé ẹ ti rí kóòṣì mìíràn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọ́ àwọn olówó ní eré ìmárale ní GRA. Ẹ ní èmi lẹ rán nítorí pé ọ̀rẹ́ mi ni, àti pé ọ̀rọ̀ tó bá ti ẹnu ọ̀rẹ́ jáde kì í dunni púpọ̀. Irọ́ ni o. Èyí tó bá ti ẹnu ọ̀rẹ́ jáde ló ń dunni jù.

Mo sì gbọ́ ẹ̀rín yín lọ́jọ́ Sátidé. Mo wà lábẹ́ igi máńgòrò níbi tí mo ti ń fa tẹ̀sùbáà mi. Ẹ rín bàbá yẹn títí ẹnì kan nínú yín fi yí gbirigbiri nínú iyanrìn. N kò bá yín wí. Bí ọmọdé bá rí ohun tó pa á lẹ́rìn-ín, kó rín in. Ṣùgbọ́n ẹ bi mí ní ìbéèrè kan nígbà tí ẹ wọlé, pé, "Bàbá, báwo ni ẹni tó ti gba bẹ́líìtì rí ò ṣe ní mọ bí wọ́n ti ń kọ́ ènìyàn ní ìjà ẹ̀ṣẹ́?" Ìbéèrè yẹn kì í ṣe tuntun. Àwa náà bi ara wa nírú rẹ̀ ní àdúgbò yìí nígbà tí àwọn bàbá yín ò tíì máa wọ ṣòkòtò, a sì fi ìkánjú dáhùn rẹ̀. Ohun tí ìdáhùn yẹn dá sílẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ìlọrin tí ẹ mọ̀ yìí kọ́ la bá. Ẹ̀yin, bí ẹ bá jí, ariwo ọ̀kadà àti jẹnẹrétọ̀ lẹ ń gbọ́. Àwa, ohùn àwọn ọmọ kéú ló ń jí wa. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà ni wọ́n á gbé wàláà wọn lé orókùn, tí ilé kan á máa pè é, tí ilé kejì á máa gbà á. Láìpẹ́ àwọn tó ń hunṣọ á bẹ̀rẹ̀, òfì á máa dún kẹ̀kẹ̀, kẹ̀kẹ̀, láti agbolé dé agbolé. Tí oòrùn bá wá yọ díẹ̀, ẹ ó gbọ́ gbì, gbì, gbì-gbì, láti ẹ̀yìnkùlé Bàbá Sùbérù. Ohùn ẹ̀ṣẹ́ lára àpò nìyẹn. Àpò ìrẹsì ni, tí wọ́n ki eèrí àgbàdo àti iyanrìn sí nínú, tí wọ́n so kọ́ ẹ̀ka máńgòrò. Àwọn obìnrin tó ń gbé ẹrù kọjá lọ sí ọjà Ìpàtà a máa wí pé, "Àwọn wèrè ti jí o!" Ohùn òfì ti lọ ní àdúgbò wa, ohùn àpò ti lọ. Kéú ṣì wà, Ọlọ́run ṣeun, àmọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn ló ń ké e fún wa báyìí, n kì í sì í gbọ́ ohùn ọmọ tó ń ṣì í kà mọ́. Ìyẹn ló máa ń pa wá lẹ́rìn-ín nígbà náà.

Bàbá Sùbérù ló kọ́ gbogbo wa. Imú rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, etí rẹ̀ òsì ti kákò. Ó ti jà ní Kàdúná, ó ti jà ní Jọ́ọ̀sì, ó ti jà ní Èkó, wọ́n sì nà án ní gbogbo ibẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́. "Kò sí ìlú tí wọn ò ti nà mí," á wí, á sì bú sẹ́rìn-ín. "Kò sí ẹ̀ṣẹ́ tí wọ́n lè jù tí mi ò mọ̀. Gbogbo wọn ló ti wá kí mi nílé rí." Ó máa ń kó wa sáré lọ sí Òkè Sobí, òun á gun kẹ̀kẹ́ ológeere lẹ́yìn wa, á máa kọ wákà. Tí a bá dé, ó ti ní kí ìyá Fúlàní kan gbé wàrà dè wá. Ọmọ tí kò bá lè sáré mọ́, Bàbá Sùbérù ti ń mọ̀ kí ẹsẹ̀ ọmọ náà tó mọ̀. Á ní, "Ìwọ, wá jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́." A máa ń fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ títí di ọjọ́ kejì. Èmi ni mo jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ jù. Ìgbà tó rí i pé n kò ní di abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò láéláé ló fi mí ṣe ẹni tó ń gbé omi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ríìǹgì, ibẹ̀ ni mo sì wà títí gbogbo rẹ̀ fi tú ká.

Làmídì ò jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ rí. Ẹ wò ó báyìí, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n bó bá ń mu tíì. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ó kan àpò yẹn ní ẹ̀ṣẹ́, àpò bẹ́, eèrí dà sílẹ̀ ṣùù, gbogbo adìyẹ agbolé sì sáré wá jẹ oúnjẹ ọ̀fẹ́. Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín títí. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pè é ní Làmídì Ọmọ Owú, ìyẹn òòlù alágbẹ̀dẹ.

Iléyá ni ọjọ́ ìjà wa. Tí wọ́n bá ti pẹran tán, tí àwọn ẹlẹ́ṣin bá ti sáré wọn tán níwájú ààfin, tí ara gbogbo ìlú bá rọ̀, tiwa ló kàn. A ó ri òpó mẹ́rin mọ́lẹ̀ ní pápá, a ó fi okùn yí i ká. Àwọn ọmọ ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti ará Ọ̀fà tí wọ́n ń ṣòwò ní òpópónà Táíwò á ti ṣọ́ọ̀bù wọn wá, a ó sì fún wọn ní ẹran Iléyá jẹ níbẹ̀.

Ohun kan wà tí a ń ṣe tí n kò gbọ́ pé wọ́n ń ṣe níbòmíràn. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí kóòṣì bá ju aṣọ ìnura sínú ríìǹgì, ìjà ti parí, ó ti gbà pé wọ́n na ọmọ òun. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa, kóòṣì kọ́ ló ni aṣọ yẹn. Ìyá ọmọ ló ni ín. Kò bójú mu nígbà náà kí ìyá ènìyàn wá dúró láàárín àwọn ọkùnrin ní pápá, nítorí náà aṣọ ló ń ṣojú rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ ìjà, kóòṣì á wẹ̀, á wọṣọ tó dáa, á lọ sí agbolé ọmọ tó fẹ́ jà. Á bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá á mú aṣọ funfun tó fọwọ́ ara rẹ̀ hun jáde, á ní, "Mo fi ọmọ mi lé ọ lọ́wọ́. Níbi tí ojú mi ò dé, kí ojú tìrẹ dé ibẹ̀." Kóòṣì á lóṣòó, á fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ọwọ́ rẹ̀ ni yóò sì wà títí ìjà yóò fi tán. Bí aṣọ bá balẹ̀, ìyá ló sọ̀rọ̀ yẹn, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ jiyàn. Ọmọ tó ń jà pàápàá ò gbọdọ̀ bínú, nítorí ìyá rẹ̀ ló pè é pé kó máa bọ̀ wá sílé.

Bàbá Sùbérù yá lọ́wọ́ láti ju aṣọ. Ó yá jù, lójú tiwa. Àwọn èrò á máa kígbe pé, "Sùbérù Ajùṣọ! Sùbérù Ajùṣọ!" ojú á sì máa tì wá bí ẹni tó jalè. Tí a bá ráhùn, á ní, "Odidi ni ìyá yín fi yín fún mi. Odidi ni mo fẹ́ dá yín padà." Aṣọ Làmídì nìkan ni kò jù rí, nítorí kò sẹ́ni tó na Làmídì tó bẹ́ẹ̀. Ó jà títí ó fi gba bẹ́líìtì, ìlú jáde lọ pàdé rẹ̀. Nígbà tó fi ẹ̀ṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n dá aṣọ padà fún ìyá rẹ̀, ó funfun bí ọjọ́ tí wọ́n hun ún. Ìyá náà gbé e kọ́ sókè ìlẹ̀kùn rẹ̀, ó ń fi han àlejò. "Aṣọ mi ò mọ ilẹ̀," á wí. Ó sì di ohun tí gbogbo ìyá àdúgbò ń tọrọ nínú àdúrà, pé kí aṣọ tiwọn náà má mọ ilẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn.

Nígbà tí Bàbá Sùbérù jẹ́ ìpè Ọlọ́run, a pàdé lójúde mọ́sáláṣí láti mọ ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ò pẹ́. Gbogbo ẹnu ló ń wí pé Làmídì ni. Alfa tó kọ́ wa ní kéú nìkan ló dá dúró. Ó ní, "Ọmọ tí mo kọ́ ní álífù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó ti mọ̀ ọ́n, n kì í ní kó kọ́ ọmọ tí orí rẹ̀ kú. Kò mọ ibi tí ọmọ yẹn ti sọnù, nítorí òun ò sọnù níbẹ̀ rí."

Ẹnì kan dá a lóhùn pé, "Alfa, ẹni tó ti dé Mẹ́kà ló ń júwe Mẹ́kà."

Alfa ní, "Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí bàálù ló gbé e lọ, ẹ má ní kó júwe ọ̀nà fún ẹlẹ́sẹ̀."

A rín in. A fi Làmídì joyè. Bí ẹ bá rí ayọ̀ lójú rẹ̀ lọ́jọ́ náà! Ó fẹ́ràn àwọn ọmọ yẹn, wàláhì, mo jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n kò mọ bí òun fúnra rẹ̀ ti ń jà. Ọmọ á bi í pé, "Bọ̀ọ̀dá, báwo ni mo ṣe máa yẹ ẹ̀ṣẹ́?" Á ní, "Má jẹ́ kó bà ọ́." "Báwo, Bọ̀ọ̀dá?" "Bí mo ṣe ń ṣe é yìí." Á sì ṣe é, wéré, bí ejò, kò ní sí ẹni tó rí ohun tó ṣe. Ara rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n, òun fúnra rẹ̀ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀bùn Ọlọ́run kì í sì í ṣe ohun tí ènìyàn ń bù fún ọmọ ẹlòmíràn.

Yísà ni ọmọ tó fẹ́ràn jù. Ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ bí ni, ìyá náà ń hunṣọ ní agbolé tó dojú kọ tiwa. Yísà kò lè rìn lọ́nà kí ó má jó. Bí ó bá gbé omi fún ìyá rẹ̀, ìdajì ló ń délé, nítorí ijó. Gbogbo ohun tí Làmídì bá ṣe ni yóò ṣe, títí dé bí Làmídì ti ń fá irun.

Ní àárọ̀ Iléyá tí Yísà máa jà, èmi àti Làmídì la jọ lọ gba aṣọ. Làmídì lóṣòó, ó gbà á, ṣùgbọ́n kò mú un lọ́wọ́. Ó so ó mọ́ ọrùn. Ìyá Yísà ní, "Làmídì, ọwọ́ ni wọ́n fi ń mú un o."

Làmídì rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀. Mo ṣèlérí fún yín, aṣọ yín ò ní mọ ilẹ̀."

Ìyá Yísà ní àmín. Ohun tó ti ń tọrọ ló gbọ́ yẹn. Kò sí ẹnìkan nínú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà bó ti yẹ ká gbọ́ ọ.

Ọmọ tó bá Yísà jà wá láti ìlú òkèèrè. Kì í ṣe ìkà, ó kàn lágbára ni. Ìjà náà dọ́gba fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà kò dọ́gba mọ́. Mo ń bu omi sí Yísà lórí, mo rí i pé ojú rẹ̀ ń wò mí kò sì rí mi. Mo ní, "Làmídì, ojú ọmọ yìí ti yí."

Ó ní, "Á padà. Tèmi náà máa ń yí, á sì padà."

"Ju aṣọ, Làmídì."

"Mo ti ṣèlérí fún ìyá rẹ̀."

Yísà tún jáde lọ. Mo rí i tó yí orí sí ọ̀dọ̀ wa lẹ́ẹ̀kan, tó ń wo ọrùn Làmídì. Mo gbà gbọ́ pé aṣọ yẹn ló ń wò. Èmi kò ní ẹ̀tọ́ láti fọwọ́ kàn án, ẹni tó gbà á lọ́wọ́ ìyá nìkan ló lè jù ú. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀ṣẹ́ kan dé, Yísà ṣubú lulẹ̀, kò sì na ọwọ́ láti gba ara rẹ̀ dúró. Ẹni tó bá ti rí i tí ènìyàn ṣubú báyẹn kò ní fẹ́ rí i mọ́.

Làmídì ló gbé e dé ilé. Gbogbo wa tẹ̀lé e. Ó tẹ́ ẹ sórí ẹní, ó tú aṣọ kúrò lọ́rùn, ó nà án sí ìyá náà nítorí kò mọ ohun mìíràn tó lè ṣe. Ìyá Yísà gbà á. Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, bí ẹni tó ń wá nǹkan. Ó ní, "Kò tilẹ̀ kan iyanrìn." Ìbá bú wa, ìbá sàn.

Yísà ò kú. Ṣùgbọ́n Yísà tó máa ń jó lójú ọ̀nà kò padà mọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ di kọ́lọkọ̀lọ, á máa jókòó ti òfì ìyá rẹ̀, á máa na òwú sí i. Àwọn ìyá kò hun aṣọ fún ìjà mọ́. Iléyá tó tẹ̀lé e, kò sẹ́ni tó ri òpó, wọ́n gé àpò lulẹ̀, adìyẹ jẹ eèrí tó kù. Bẹ́ẹ̀ la ṣe di ẹni tó ń jókòó sílé lọ́sàn-án Iléyá, tí a wá ń wo àwòrán lórí fóònù báyìí.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ àdúgbò nínú yín á rántí bàbá kan tó máa ń pọn ọkùnrin àgbàlagbà kọjá níhìn-ín ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Làmídì nìyẹn. Òun ló ń wẹ Yísà, òun ló ń pọ̀n ọ́n lọ sí mọ́sáláṣí, òun ló ń pọ̀n ọ́n padà, títí irun orí àwọn méjèèjì fi funfun. Àwọn ọmọdé á máa tẹ̀lé wọn, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn tí ẹ rí tó tẹ̀ yẹn, kì í ṣe ọjọ́ orí nìkan ló tẹ̀ ẹ́. Ó kù díẹ̀ kí ààwẹ̀ èṣí wọlé ni Yísà kú. Láti ìgbà náà, bí ọjọ́ Jímọ̀ bá dé, Làmídì kì í mọ bí yóò ti rìn. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó gbàgbé nǹkan.

Ìgbà yẹn lẹ wá bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́ yín. Mo rò pé yóò kọ̀. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gba aṣọ." Ó ní kí n bá òun lọ. Ìyá Yísà ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́, kò ríran dáadáa mọ́. Làmídì dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó rò fún un.

Ìyá ní, "Àwọn wo ló fẹ́ jà?"

"Àwọn ọmọ àdúgbò ni, Ìyá. Àwọn kan ń ti àdúgbò Fate wá."

"Àwọn ìyá wọn ńkọ́?"

"Wọn ò hunṣọ mọ́, Ìyá."

Ó ní, "Wọn ò hunṣọ mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń bímọ." Ó fọwọ́ tá ilẹ̀ dé ìdí àpótí rẹ̀, ó yọ aṣọ yẹn jáde. Ó ní, "Gbà. Jẹ́ kó mọ ilẹ̀." Làmídì fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó sunkún bí ọmọ ọwọ́. Èmi náà sunkún.

Ẹ wá mọ aṣọ tó ń jù lọ́jọ́ Sátidé. Ọmọ ará Èkìtì tó ń bọ̀ láti Fate yìí fọwọ́ kan imú ẹnì kejì rẹ̀, aṣọ balẹ̀. Àwọn méjì mìíràn wọlé, wọn ò tíì gbé ọwọ́ sókè dáadáa, aṣọ balẹ̀. Ẹ̀yin ń kígbe pé, "Bàbá, a ò tíì bẹ̀rẹ̀!" ó sì ń bẹ̀rẹ̀ mú un, ó ń gbọn iyanrìn rẹ̀ dànù, ó tún ń jù ú. Ẹ ní kò mọ iṣẹ́ kóòṣì. Ó lè jẹ́ òótọ́ lẹ sọ. Ẹni tí kì í ju aṣọ kò lè kọ́ yín, ẹni tó ń jù ú ní gbogbo ìgbà náà kò lè kọ́ yín. Bàbá Sùbérù tó mọ ìgbà ti wà nínú ilẹ̀, a ò sì fi ìmọ̀ rẹ̀ pe nǹkan kan nígbà tó wà láyé. Ẹ lè lọ mú ará GRA yín, n kò ní dí yín lọ́nà.

Ṣùgbọ́n èmi ò ní jẹ́ iṣẹ́ tí ẹ rán mi yìí. Ẹ̀yin ni kí ẹ lọ sọ fún un. Ẹ ó bá a ní pápá lẹ́yìn ìrun alásárì. Nígbà tí ẹ fi ẹ̀rín lọ tán lọ́jọ́ Sátidé, mo lọ bá a níbẹ̀. Ó ń ká aṣọ. Mo ní, "Làmídì, wọ́n ti lọ o. Ìwọ ni wọ́n ń rín."

Kò wò mí. Ojú ọ̀nà tí ẹ gbà ló ń wò, níbi tí ẹ ti ń ti ara yín síhìn-ín sọ́hùn-ún, tí ẹnì kan nínú yín ń jó.

Ó ní, "Mo rí wọn. Gbogbo wọn ló fẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ sílé."